Àmì Omi Ara Òpó Ilé Yín

                                                            Ilé Ọmọ́yẹlé,
                                                            Ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ìsìn,
                                                            Odò-Ẹ̀gbà,
                                                            Ọ̀nà Omi Ugbonla,
                                                            Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                            Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún,
                                                            oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Àna mi ọ̀wọ́n, Barnabas Olówòkéré, ọkọ Rúùtù,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú àìrójú, mo sì kí orúnkún rẹ lọ́tọ̀. Ṣé ó ti gbà fún dókítà Àkúrẹ́, àbí ó ṣì ń ṣe agídí bí ẹni tó ni ín? Rúùtù àbúrò mi ńkọ́? Ṣé ó ń rí ẹja tó jẹ́ ẹja jẹ, àbí ẹja inú yìnyín tí ojú rẹ̀ ti funfun bí ojú òkú yẹn náà ni ẹ ṣì ń fi se ọbẹ̀? Olúwadárasími ọmọ yín ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n kú ìtọ́jú rẹ. Mo mọ ẹrù tó wà lọ́wọ́ wọn, èmi náà ti bá ọ gbé àgọ́ ìpẹja rí.

Ara tèmi le. Eyín mi ku mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn jà. Mo ṣì ń wa ọkọ̀ mi fúnra mi, mo sì ń jẹ púpurú mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

O lè máa ṣe kàyéfì ìdí tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Orí afárá ẹbúté nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń dúró níbí, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo ìlú ló ń bá sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò yẹ kí ìlú gbọ́ ọ kí ìwọ tó gbọ́ ọ. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí tíṣà tó bẹ̀ mí pé kí n máa lọ sí odò, nítorí náà, bí o bá rí àṣìṣe, fò ó bí ẹni fo ihò ara pákó.

Ọ̀rọ̀ náà kò dára, Barnabas. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo Odò-Ẹ̀gbà kúrò lórí omi lọ sí òkè. Èmi ni mo fà á. Ìwọ náà fà á díẹ̀. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nínú oṣù kẹrin ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà Ọmọ́lẹ́wà bá ọkọ̀ Kingsley dé. Ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀ lórí pákó tútù. Ó ní ọ́fíìsì àwọn fẹ́ tún àwọn ìlú etí òkun kọ́, wọn kò sì fẹ́ kọ́ ohun tí ará ìlú kò fẹ́, kí oníkálukú wá wo àwòrán ilé náà kí ó sọ tinú rẹ̀. Ó fi ìṣó kan àwòrán náà mọ́ ara ilé-ìsìn. Gbogbo wa lọ wò ó bí ẹni lọ wo ìyàwó tuntun.

Ilé tó dára ni lójú. Búlọ́ọ̀kù ni, páànù rẹ̀ pupa, fẹ́ǹsì yí i ká, ilẹ̀ ni ó jókòó sí lórí iyanrìn tí wọ́n máa bù sí àbàtà. Ó kọjú sí ọ̀nà tí kò tíì sí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí omi tó ti wà kí a tó bí bàbá bàbá wa.

Kingsley, ọmọ Godwin ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti lọ, ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀sẹ̀ wo ni Beauty ìyàwó mi kì í kan pákó? Ọmọ mi ti já sínú omi lẹ́ẹ̀mejì láàárín pákó tó jẹrà. Ilé tó ní ṣáláńgá tirẹ̀ ni mo fẹ́, ilé tí mo lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, tí n kò ní jí láàárọ̀ kí n bá bàbá mẹ́ta nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Kingsley, ọjọ́ tí wọ́n bá mọ fẹ́ǹsì yẹn, ebi ni yóò pa ọ́. Ilé mẹ́rin ni o ti ń jẹ púpurú lójúmọ́ kí o tó dé ti Beauty."

Beauty gan-an ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ìwọ, ọ̀rọ̀ ọmọ tó já sómi kò pa mí lẹ́rìn-ín. Kingsley jàre níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Happiness dìde, èyí tó ń yan ẹja nítòsí ẹbúté. Ó ní, "Ẹnjiníà, bí ilé mi bá kọ ẹ̀yìn sí omi, níbo ni ọkọ̀ ẹja yóò gbà wá bá mi? Ṣé kí n máa gbé agbọ̀n ẹja yí fẹ́ǹsì ká ni? Èéfín ààrò mi ńkọ́? Ògiri ọ̀pá ògùrọ̀ ń mí. Búlọ́ọ̀kù kì í mí."

Àwọn àgbà ní òótọ́ ni. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni títì gbogbo wa. Láti ilé-ìsìn dé ẹbúté, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́kàndínlógún ni èèyàn ń gbà kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ kí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ lọ́jọ́sí pé ìyá rẹ ṣubú. Kò pariwo. Ẹni tó ń kọjá lọ ra iyọ̀ ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ kò gbà. Wọ́n ní a ti gbé bí ẹyẹ pẹ́ jù. Ọ̀kan ní kí àwọn tó ti gbó yà fún àwọn tó máa gbé inú ilé náà. Ọ̀rọ̀ di gbí-gbì-gbí, pákó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ẹni tí kò bínú rí di ẹni tó ń na ìka. Baálẹ̀ fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, ó ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ bi òpó Olówòkéré léèrè."

Ibí yìí ni inú mi ti kọ́kọ́ bàjẹ́.

Òpó tó wà níwájú ilé yín ni ó ń sọ. Èyí tí bàbá rẹ fi ọkọ̀ wọ́ wá láti igbó òkè, tí ogún ọkùnrin gun ìdábùú orí rẹ̀, tí wọ́n ń mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ẹrẹ̀ fi gbé e mì dé ibi tó le. Láti ìgbà náà ni ìlú ti ń fi ọ̀bẹ gé àmì sí i lára ní ọdún tí omi bá kún jù. Gbogbo àmì náà ló wà nísàlẹ̀ pákó ilé, àfi ọ̀kan. Ti ọdún 1998 nìkan ló wà lókè, ó ga dé àyà ọkùnrin. Ọdún tí gbogbo ìlú sá lọ sí Ugbonla fún ọjọ́ márùn-ún ni, tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo dúró ṣọ́ ilé.

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ lé àmì náà. Ó ní, "Ẹnjiníà, omi dé ibí yìí. Àna Ọmọ́yẹlé, Barnabas, tó ni ilé yìí, dúró nínú rẹ̀, ó dé àyà rẹ̀. Ẹ bá mi gbé ilé orí ilẹ̀ yín síbí, kí ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹ́ kù. Ilé orí òpó ni kí ẹ kọ́ fún wa."

Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Ẹnjiníà yọ tépù, ó ní kí ẹnì kan bá òun di etí rẹ̀ mú. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo dì í mú mọ́ àmì náà, ó bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bàbá, ṣé ó rẹ̀ yín ni?" Mo ní ebi ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. A ti borí, mo sì dákẹ́. Barnabas, ìdákẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí kò kan àwòrán kankan mọ́ ògiri. Ó dúró, ó ka ìwé tó mú wá. Ó ní bí omi bá lè ga tó ohun tí òun wọ̀n lára òpó, kò sí ilé tó lè dáàbò bo èèyàn níhìn-ín, ì báà jẹ́ ti òpó, ì báà jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù. Ọ́fíìsì wọn kò ní kọ́ ilé, kò ní tún afárá ṣe, kò ní kọ́ ilé-ìwé, kò ní kan ẹbúté. Wọ́n ti rí ilẹ̀ gbígbẹ fún wa lókè, lẹ́yìn Igbókòdá. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ni wọ́n máa wá kọ orúkọ agboolé kọ̀ọ̀kan tó ń lọ.

Happiness ló fọhùn. Ó ní, "Ẹnjiníà, ṣé ẹja ń gbé níbẹ̀?" Ọmọ náà tẹ orí ba. Ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Kingsley ní, "Mo ní kí ẹ kọ́ búlọ́ọ̀kù fún mi. Mi ò ní kí ẹ gbé mi lọ."

Àwọn tó fẹ́ jẹ ara wọn lẹ́ran ní oṣù kẹrin ni wọ́n jọ jókòó báyìí tí wọ́n ń wo ojú omi.

Níbi tí a dé yìí, wá ibi ìjókòó. Bí Rúùtù ló bá ń kà á fún ọ, kí òun náà jókòó.

Omi ọdún náà kò dé àyà ẹnikẹ́ni. Ó gòkè, ó fi ahọ́n kan ìsàlẹ̀ pákó ilé yín, ó sì padà. Èmi ni mo fi ọ̀bẹ gé àmì yẹn sókè. Nígbà tí ẹ ń lọ, ìwọ dúró nínú ọkọ̀, o pè mí ní ọ̀dẹ̀, o ní màá kú bí eku. Mo dá wà fún ọjọ́ márùn-ún, kò sí ẹni tí mo lè bá ṣeré, ọ̀rọ̀ rẹ sì ń dùn mí. Ni mo bá gé àmì náà sí ibi tó ga dé àyà rẹ gan-an, mo fi ẹrẹ̀ kun ara ògiri yín àti ti àwọn ilé yòókù dé ibẹ̀, mo gbé ṣòkòtò ọjọ́ Ìsinmi rẹ kọ́ sórí ìtì àjà bí ohun tí omi gbé lọ síbẹ̀. Èrò mi ni pé kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n wá sọ òótọ́ fún ọ, kí a jọ rẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ìwọ ti dìde nínú ilé-ìsìn. O ní ní ọjọ́ kẹta, o dá wa ọkọ̀ padà wá wo ilé, o dúró nínú omi náà, ó dé àyà rẹ, Olúwa sì fà ọ́ yọ. O dá orin. Gbogbo ìjọ gbè é. Èmi àti Rúùtù wo ojú ara wa. Èmi mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tó wá ní ọjọ́ kẹta. Òun mọ̀ pé ibà dá ọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní Ugbonla fún gbogbo ọjọ́ márùn-ún, tí òun ń fún ọ ní ẹ̀kọ mu.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti há. Bí mo bá ní irọ́ ni àmì náà, mo ti ní irọ́ ni ẹ̀rí rẹ. O sì ń jẹ́rìí náà ní gbogbo ìdúpẹ́ ìkórè, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko. Lọ́dọọdún ni omi náà tún ń tutù sí i.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ níbi tí ìlú ti pé, mo sì jẹ́wọ́. Mo ní, "Èmi ni mo gé àmì yẹn. Eré ni mo fi ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Barnabas. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú àwọn kan. Kingsley ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ wa." Baálẹ̀ ní, "Ọmọ́yẹlé, lọ́dún tó kọjá o ní ọ̀nì wọ ilé ìdáná Happiness. Ọkùnrin mẹ́wàá ló gbé ọ̀kọ̀ jáde. Kí la bá níbẹ̀? Ewúrẹ́."

Mo búra. Mo mú wọn lọ síbi òpó, mo fi àmì kékeré kan hàn wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ìka méjì sísàlẹ̀ pákó. Òun ni ojúlówó. Mo gé e lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti irọ́, nítorí ẹni tó bá ń tan èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òótọ́ wà. Kingsley fọwọ́ kàn án, ó ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e láàárọ̀ yẹn ni. Bẹ́ẹ̀ ewédò ti hù bò ó.

Baálẹ̀ wá wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Barnabas ńkọ́? Barnabas tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, tó dúró nínú omi náà. Ṣé òun náà purọ́ ni?"

N kò lè ba orúkọ rẹ jẹ́ lójú ìlú nígbà tí o kò sí níbẹ̀. Wọ́n rí i pé n kò fèsì, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Èyí tó burú jù ni pé Happiness dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ pé mo fẹ́ràn ìlú débi tí mo fi fẹ́ fi irọ́ gbà á là. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ òótọ́ ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún irọ́.

Mo gba fóònù Beauty, mo pe Ẹnjiníà. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹni tó ni ilé, tó jẹ́rìí pé òun dúró nínú omi náà, bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ìlú lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, òun á mú tépù dání, òun á wọn àmì kejì. Ó ní òun kò ṣèlérí ohunkóhun.

Èmi náà kò ṣèlérí fún ọ. Omi ọdún tó kọjá ga ju àmì kékeré yẹn lọ, ó rin ẹní mi. Ìwọ mọ ohun tí ojú àwọn ará Ayétòrò ń rí lọ́wọ́ òkun. Bóyá wọ́n á wọ̀n ọ́n tán, kí wọ́n ṣì ní kí a máa lọ. Ṣùgbọ́n bí òkun bá fẹ́ lé wa, kí ó fi omi rẹ̀ lé wa. Kí ó má jẹ́ ọ̀bẹ tèmi àti ẹnu tìrẹ.

Bí wọ́n bá sì gbà kí a dúró, a ti mọ ohun tí a máa béèrè. Beauty ló fi èédú yà á sára pákó lẹ́yìn tí ìjà tán. Òpó gíga, ojú ilé sí omi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣì jẹ́ títì gbogbo wa, ṣùgbọ́n kí ọgbà kékeré wà létí rẹ̀ tí ọmọdé kò lè gbà já bọ́, kí ṣáláńgá wà, kí yàrá sì ní ìlẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ó ní ìlẹ̀kùn yẹn, nítorí tèmi ni. Kingsley àti Baálẹ̀ gbà á, àwọn méjèèjì tí kì í gba ohun kan náà.

Wá, Barnabas. Mo mọ ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. Àgbà ìjọ ni ọ́, àwọn ọmọ tí o kọ́ ní ẹ̀kọ́ Ìsinmi ti di bàbá. N kò kọ́ ọ ní bí o ṣe máa sọ ọ́, n kò ní ẹ̀kọ́ kankan láti kọ́ ẹnikẹ́ni lórí òótọ́. Ẹ kúrò ní Àkúrẹ́ ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, kí ẹ lè bá wa ní Igbókòdá kí oòrùn tó dé àárín orí. Kingsley yóò wa ọkọ̀ wá, èmi náà máa wà nínú rẹ̀. Má fi orúnkún ṣe àwáwí. A máa gbé ọ gun afárá, o kò wúwo ju agbọ̀n ẹja méjì lọ, mo sì ti gbé èyí tó burú jù ọ́ lọ rí.

Rúùtù, bí ó bá bínú, jẹ́ kí ó bínú tán kí o tó gbé oúnjẹ fún un. Má bá a jà, kí o má sì gbè é. Ìwọ náà mọ̀, o sì dákẹ́ bíi tèmi.

Happiness ló ń mú ìwé yìí lọ sí ọjà Igbókòdá lọ́la láti fi lé awakọ̀ Àkúrẹ́ lọ́wọ́. Ẹja gbígbẹ tó wà pẹ̀lú rẹ̀, ti Olúwadárasími àti ìyàwó rẹ̀ ni. Baálẹ̀ kí ọ. Beauty kí ọ. Kingsley ní kí n sọ fún ọ pé àmì rẹ ti kó bá wa, kò mọ̀ pé òótọ́ pọ́nńbélé ni òun ń sọ.

Ohun kan ló kù. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ tèmi. Wọ́n máa rẹ́rìn-ín, mo ti mọ̀. Jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Ìwọ má bá wọn rín in. Dìde.

                                                            Èmi náà ni, tìrẹ tí o kò rí kọ̀ sílẹ̀,
                                                            ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ,
                                                            Ọmọ́yẹlé.